Sípánà Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún

Àwọn òṣìṣẹ́ pápá bàálù kékeré tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ pákó ló sọ ọ́ ní Màmá Bàálù. Kò bímọ kankan láyé, ṣùgbọ́n ó ti lé lógún ọdún tó ti ń fi bàálù ẹlẹ́ńjìnì kan fọ́n oògùn sí oko ìrẹsì fún àwọn àgbẹ̀, ó sì máa ń bá bàálù náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rọ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá pé kó jẹun. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó sì ti padà sílé ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń gbé, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, òun sì ni mẹkáníìkì rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ni bàálù náà.

Aláwàdà ni àbúrò yìí. Bí ẹ́ńjìnì bá kọ̀ tí kò dáhùn láàárọ̀, á ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kó dákẹ́ díẹ̀, òun náà ń rántí ìgbà èwe rẹ̀." Ó sanra díẹ̀, kò tíì gbéyàwó, ìyá wọn kò sì jẹ́ kó gbádùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ogójì ọdún ku ẹyọ kan ni.

Lọ́jọ́ tí a ń wí yìí, wọ́n ti parí iṣẹ́ ní oko kan tó jìnnà, wọ́n sì gbéra ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ láti máa bọ̀ nílé. Ìrìn wákàtí méjì ni. Pápá bàálù àwọn sọ́jà wà láàárín ọ̀nà, lẹ́bàá odò, kò sì sí awabàálù tí kò mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi à á yà sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan jí bàálù kékeré kan gbé, wọ́n fi fò kọjá lórí bárékè náà nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, wọ́n ju bọ́ǹbù sórí ilé tí àwọn sọ́jà ń sùn sí. Mọ́kànlá kú. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìwé àṣẹ jáde, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo pápá bàálù: bàálù aládàáni yòówù tó bá sún mọ́ ibùdó ológun, wọn yóò yìnbọn fún un. Màmá Bàálù ka ìwé náà, ó sì fọwọ́ sí i pé òun ti kà á. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àmọ́ ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́ kì í sá, yíyìn ló máa yìn ín.

Wọ́n ti lo wákàtí kan lójú ọ̀run nígbà tí ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ta sára gíláàsì iwájú. Ó kọ́kọ́ rí bí ìrì, lẹ́yìn náà ó di dúdú, ó sì nà lọ sókè bí ìka ọwọ́. Àbúrò rẹ̀ wo abẹ́rẹ́ tó ń ka ọ́ìlì. Kò ṣàwàdà kankan.

"Páìpù ti bẹ́, Àǹtí mi."

"Ìṣẹ́jú mélòó la ní?"

"Bó bá ṣojú àánú, mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjìnì á gan."

Màmá Bàálù wo ìsàlẹ̀. Igbó kìjikìji ló wà lápá ọ̀tún, àwọn igi tó ga ju òpó iná lọ. Odò ló wà lápá òsì, ó kún, ó bo bèbè rẹ̀, ó pọ́n bí omi amọ̀. Ó rò ó pé òun lè gbé bàálù náà lé orí omi. Òun mọ odò wẹ̀, àbúrò òun kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wo iwájú, ó rí ojú ọ̀dà gígùn àwọn sọ́jà tó ń dán nínú oòrùn, ọkàn rẹ̀ sì ti pinnu kó tó mọ̀ pé ó ti pinnu.

Ó mú rédíò. Ó sọ ẹni tí òun jẹ́, ó sọ nọ́ńbà bàálù náà, ó sọ pé ẹ́ńjìnì òun ti ń kú.

Ohùn ọkùnrin kan dá a lóhùn. "Bàálù aládàáni, yà kúrò. Yà kúrò báyìí."

"Èèyàn méjì péré la wà nínú rẹ̀, a ò ní ohun ìjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n balẹ̀."

"A óò yìnbọn. Yà kúrò."

"Ibo ni kí n yà sí, ọ̀gá?"

Ẹ́ńjìnì gbọ̀n jìgìjìgì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Abẹ̀bẹ̀ iwájú dúró gbọnyin. Atẹ́gùn nìkan ló kù tó ń fẹ́ súfèé lára apá bàálù. Màmá Bàálù tẹ imú bàálù náà sílẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi ojú ihò kékeré kan tí ọ́ìlì kò tíì bò lára gíláàsì wo ilẹ̀ tó ń bọ̀. Ó balẹ̀ dáadáa. Ó máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ìbalẹ̀ ọjọ́ yẹn ló dára jù nínú gbogbo èyí tí òun ti ṣe láyé.

Táyà kò tíì yí ju ìgbà mẹ́wàá lọ tí àwọn sọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ń sọ òkúta lu páànù. Ọta dá ihò sí apá ọ̀tún, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ fọ́ dà sí wọn lára, táyà òsì bẹ́. Bàálù náà yí bìrí, ó kúrò lójú ọ̀dà, ó fi apá òsì gúnlẹ̀, ó sì dúró ní ìdajì-ìdùbúlẹ̀ nínú koríko létí ọ̀dà náà. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú níbi tí ọ́ìlì ti kan irin gbígbóná.

Ìlẹ̀kùn Màmá Bàálù ti há mọ́lẹ̀. Ti àbúrò rẹ̀ nìkan ló kù, ó sì ti tó oṣù méjì tí ọwọ́ ìlẹ̀kùn náà ti dá. Sípánà nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n máa ń kì bọ ihò rẹ̀, tí wọ́n á yí, kó tó ṣí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò náà ní, "Ẹ jẹ́ n wá nǹkan ṣe sí ìlẹ̀kùn yìí," Màmá Bàálù sì ní kó di oṣù tó ń bọ̀, pé iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀.

Àbúrò náà fa sípánà náà yọ lábẹ́ ìjókòó, ó kì í bọ ihò, ó yí i. "Ó ti ṣí," ló wí. "Ẹ máa tẹ̀ lé mi, Àǹtí mi. Ẹ nawọ́ sókè."

Ó jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Sípánà wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Kò rántí rẹ̀. Ẹni tó ti ń mú irin dání láti ogún ọdún, irin ti di ìka kẹfà fún un.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìbọn náà dún. Ọta kan lọ sí itan, òmíràn sí ikùn, ẹ̀kẹta ba ara bàálù. Àbúrò náà kò ṣubú lójijì. Ó rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó rò pé àga wà lẹ́yìn òun, kó tó wá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Màmá Bàálù fò jáde. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ìdí ìbọn fi bà á lẹ́nu. Eyín méjì bọ́. Ẹnì kan gbá a lẹ́sẹ̀, ó dojú bolẹ̀ lórí ọ̀dà tó ń jó bí agbada, bàtà wá gun ọrùn rẹ̀. Wọ́n ń ta á nípàá nínú ìhà, ó sì ń gbọ́ tí wọ́n ń bèèrè pé ta ló rán wọn, ta ló rán wọn. Àbúrò rẹ̀ ló ń wò. Kò ju ìwọ̀n apá mẹ́ta lọ sí ibi tó wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà sì ń ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àǹtí mi, ó ń jó mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe dókítà. Mẹkáníìkì ni. Ẹ pe dókítà kẹ́ ẹ tó pa mí."

Sájẹ́ńtì kan dé, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí orí rẹ̀ fá kodoro. Ó tẹ̀ ba lórí àbúrò náà. "Á kọ́kọ́ sọ ẹni tó rán an," ló wí, ó sì gbé ìdí ìbọn rẹ̀ lé ojú ibi tí ọta gbà wọ ikùn, ó tẹ̀ ẹ́. Igbe tí ọkùnrin náà ké kò jọ ohùn ènìyàn. Màmá Bàálù gbìyànjú láti dìde, wọ́n tún fi ìdí ìbọn lù ú ní àárín ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kú tipiri.

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Sájẹ́ńtì bèèrè, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún bèèrè. Nígbà tó yá, àbúrò náà kò ké mọ́. Wọ́n gbé e jù sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù bí àpò sìmẹ́ńtì, ó sì kú kí ọkọ̀ náà tó dé ilé ìtọ́jú bárékè, tí kò jìnnà ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ọ̀fíìsì ni wọ́n ti sọ ọ́ fún Màmá Bàálù. Yàrá náà mọ́ tónítóní. Fáànù ń yí lókè, kàlẹ́ńdà wà lára ògiri, ife tíì kan wà lórí tábìlì tí wọ́n fi àwo kékeré dé. Méjọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá bárékè náà jókòó síbẹ̀, ó wọ awò ojú, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí olùkọ́.

"Madam, ẹni tẹ́ ẹ gbé wá ti kú. Ó dùn mí. Ọmọ ogun mi kan ló yìnbọn fún un nítorí ó rí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé rèé. Ẹ fọwọ́ sí i pé ìbọn ló mú jáde, pé ẹ̀yin kò mọ̀ pé ó wà lára rẹ̀. Kó tó dọjọ́rọ̀, ẹ ti wà lọ́nà ilé."

Ẹnu Màmá Bàálù ti wú. Ó fi ahọ́n wá ibi tí eyín rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. "Sípánà ni," ló wí.

"Ẹ tún un rò."

"Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Òun la fi ń ṣílẹ̀kùn. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. Kò mú ìbọn rí láyé."

Méjọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dìde, ó gbé ife tíì rẹ̀, ó sì jáde. Sájẹ́ńtì ló kù nínú yàrá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a létí òsì, nǹkan kan bẹ́ nínú etí náà, omi gbígbóná sì ṣàn wá sí ọrùn. Láti ìgbà náà títí dòní, etí yẹn kò gbọ́ nǹkan kan ju ariwo bí ti odò lọ. Lẹ́yìn náà ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì síta, ó mú ọwọ́ òsì rẹ̀, ó to àwọn ìka rẹ̀ sí ẹnu dúrọ́ọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń to ṣíbí.

"Kí ló mú lọ́wọ́?"

"Sípánà."

Ó fi orókún ti dúrọ́ọ̀ náà pa. Màmá Bàálù gbọ́ bí egungun ṣe dún kó tó mọ ìrora rẹ̀. Ó bì sórí ìwé tí Méjọ̀ fi sílẹ̀, wọ́n sì ní láti lọ wá òmíràn kọ. Inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn díẹ̀, nínú gbogbo ìpọ́njú náà.

Wọ́n tì í mọ́ yàrá kan tí wọ́n ń kó táyà àlòkù sí tẹ́lẹ̀. Lójoojúmọ́ wọ́n á mú un jáde, ìwé á wà lórí tábìlì, ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà, wọ́n á sì lù ú. Ó ti mọ gbogbo ihò okùn tó wà lára bàtà Sájẹ́ńtì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Kọ́púrà kan nínú àwọn sọ́jà náà gbé omi wá fún un nínú korobá irin. Ọkùnrin tí irun ẹ̀bátí rẹ̀ ti ń funfun ni. Kò jáde lọ bí àwọn tó kù ti máa ń ṣe. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó jókòó sórí táyà kan, ó sì ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Èmi ni mo yìnbọn náà, mà."

Màmá Bàálù fa korobá náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi wà nínú àwọn mọ́kànlá. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi. Mo lọ tọ̀ ni, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n kú síbẹ̀. Nígbà tí àbúrò yín jáde, mo rí irin lọ́wọ́ rẹ̀, ìka mi ti fà á. Lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́ ni mo rí i pé sípánà ni."

"Lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lo yìn ín."

Kọ́púrà kò gbójú sókè. Màmá Bàálù mú korobá náà pẹ̀lú omi inú rẹ̀, ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ là á mọ́ ọn lórí. Ọkùnrin náà ṣubú láti orí táyà, ẹ̀jẹ̀ ya bo ojú rẹ̀. Obìnrin náà tún là á mọ́ ọn, ìdí korobá sì yọ. Ó gun àyà rẹ̀, ó fún un lọ́rùn. Kọ́púrà kò jà. Ìbọn rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò nawọ́ sí i. Ojú rẹ̀ ń yọ síta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta pútúpútú nínú omi tó dà sílẹ̀, Màmá Bàálù sì mọ̀ pé bí òun bá fún un díẹ̀ sí i, ó parí. Ohun tó gba ọkùnrin náà là kì í ṣe àánú. Ọwọ́ òsì ni kò lè dì. Àwọn ìka méjì tó ti ṣẹ́ náà kọ̀ láti ká, bó sì ti ń fagbára ká wọn ni ìrora mú un débi tó fi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń sunkún bí ọmọdé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sunkún láti ọjọ́ tí wọ́n ti balẹ̀.

Wọ́n wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, àwọn méjèèjì lórí omi àti ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń mí gúlegúle.

"Kí lo wá sọ fún mi?" obìnrin náà bèèrè.

Kọ́púrà fi apá aṣọ nu ojú. "Ẹ má fọwọ́ sí ìwé yẹn. Wọ́n ti mú ìbọn ìléwọ́ kan jáde ní ilé ìkó-ìbọn-sí, wọ́n ní ti àbúrò yín ni. Sájẹ́ńtì ti ju sípánà sínú ihò ilé ìgbẹ́. Àmọ́ bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, ó di dandan kí wọ́n pe ìgbìmọ̀ ìwádìí láti òkè. Tí wọ́n bá dé, màá sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tó ò lọ sọ ọ́ lónìí?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, mà."

Ó dìde, ó kó àwókù korobá, ó sì lọ. Nígbà tí Sájẹ́ńtì bi í pé kí ló ṣe é lórí, ó ní òun yọ̀ ṣubú ni.

Màmá Bàálù kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n òun náà kò ṣáà fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, yálà ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ tàbí kò ní sọ ọ́. Bí ó bá fọwọ́ sí i, kí ni yóò wí fún ìyá rẹ̀?

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ dé. Àwọn mẹ́ta ni, Kánẹ̀lì àgbàlagbà kan tí ó ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá ló ṣáájú wọn. Wọ́n gbé ìbọn ìléwọ́ náà sórí tábìlì. Méjọ̀ ṣàlàyé létòlétò. Gbogbo ohun tó sọ ló lójú tó nímú, àfi pé irọ́ ni. Nígbà tó kan Màmá Bàálù, ó yí etí ọ̀tún sí Kánẹ̀lì kó lè gbọ́ ọ.

"Madam, kí lẹ rí sọ?"

Gbogbo ọjọ́ tó fi wà láàárín àwọn táyà yẹn, ohun kan ṣoṣo ló ti ń rò. "Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo la gbà jáde, bàbá. Kò lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò ó, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi ìbọn tó wà lórí tábìlì yẹn ṣí i fún yín."

Kánẹ̀lì wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀pá rẹ̀, gbogbo wọn sì jáde sínú oòrùn lọ sí ibi tí wọ́n wọ́ bàálù náà sí. Ó ní kí Sájẹ́ńtì wọlé, kí wọ́n tì í mọ́ ọn, kó fi ìbọn náà ṣílẹ̀kùn láti inú. Sájẹ́ńtì wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó fi ẹnu ìbọn kan ihò náà, kò wọ̀ ọ́. Ó fi ìdí rẹ̀ tì í, ó fi ejìká gbá a, ó fi ẹsẹ̀. Òógùn bò ó. Bàálù náà ń mì bí àgò tí wọ́n sé òbúkọ mọ́. Àwọn sọ́jà tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán ń wo ilẹ̀ kí wọ́n má bàa rẹ́rìn-ín. Kánẹ̀lì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Kí ni wọ́n wá fi ṣí i?" Kánẹ̀lì bèèrè lọ́wọ́ Méjọ̀. Méjọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Ibẹ̀ ni Kọ́púrà ti jáde kúrò lórí ìlà. "Sípánà ni, sà. Èmi ni mo yìnbọn fún un. Sípánà náà wà nínú ihò ilé ìgbẹ́."

Wọ́n ti já ìlẹ̀kùn fún Sájẹ́ńtì láti ìta nígbà náà. Ó jáde bí ẹni tí oyin lé, ó kọjá lára Kánẹ̀lì bí ẹni pé kò rí i, ó sì fi orí gbá Kọ́púrà nímú. Kọ́púrà wó lulẹ̀. Sájẹ́ńtì ń fi bàtà tẹ ojú rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, èèyàn mẹ́rin ni kò lè mú un kúrò, kó tó di pé Kánẹ̀lì fi ọ̀pá rẹ̀ là á ní orókún. Ọ̀pá tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó: Kọ́púrà pàdánù ojú kan níbẹ̀. Màmá Bàálù dúró, ó ń wò ó. Kò yọ̀, kò sì káàánú. Ó kàn ń retí kí wọ́n parí rẹ̀ kí wọ́n lè gbẹ́ ihò náà.

Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n rí sípánà. Nígbà tí ẹjọ́ parí, Sájẹ́ńtì lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje. Wọ́n gbé Méjọ̀ lọ sí ọ̀fíìsì kan tó ti ń ka ìwé, ìyà rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́púrà gba ọdún mẹ́ta. Màmá Bàálù náà kò jẹ ẹ́ gbé: wọ́n gba ìwé àṣẹ ìwabàálù rẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀, nítorí ó balẹ̀ láìgba àṣẹ. Kánẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló sọ fún un. Ó ní, "Ẹ dákun, madam, òfin ni." Bàálù náà wà lọ́dọ̀ wọn títí ó fi jẹrà.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n rí sípánà náà ni wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé Màmá Bàálù àti òkú àbúrò rẹ̀ délé, wọ́n fi tapọ́lì wé òkú náà. Ìyá wọn ti lé láàádọ́rin ọdún. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó wo tapọ́lì, ó wo ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì gbá a létí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti lù ú kẹ́yìn. Etí òsì ló gbá, nítorí náà Màmá Bàálù kò gbọ́ ọ. Ìyá náà di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó rí àwọn ìka náà, ó sì fà á wọlé. Ó gbé omi kaná, ó fi aṣọ rírọ̀ fọ ọwọ́ náà láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó jókòó sílẹ̀, tó wá ń ké orúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Nígbà tó yá, ìwé àṣẹ padà dé, Màmá Bàálù sì ń wa bàálù fún ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn. Mẹkáníìkì ibẹ̀ mọṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀. Ìka Màmá Bàálù méjì tó ṣẹ́ náà kò ká mọ́. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi mẹ́ta ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Kọ́púrà ni. Ó ti gbẹ, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù ú lọ, awọ ti bo ojú rẹ̀ kan. Ó ní òun wá kí ìyá ni. Màmá Bàálù dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò sún. Láti inú ilé ni ìyá ti bèèrè pé ta ni. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Jẹ́ kó wọlé."

Kọ́púrà dọ̀bálẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ìyá kò ní kó dìde.

"Wọ́n ní ìwọ lo wà níbẹ̀," ìyá wí. "Ọmọ mi obìnrin yìí kò sọ ọ́ tán fún mi. Ó ń dá ẹ̀mí mi sí. Ìwọ sọ ọ́. Ṣé ó pẹ́ kó tó kú?"

Kọ́púrà gbé orí díẹ̀, ó wo Màmá Bàálù. Màmá Bàálù gbójú kúrò.

"Ó pẹ́, mà."

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

"Ó tó ogún ìṣẹ́jú, mà."

"Ṣé wọ́n ń ṣe é ní nǹkan?"

"Wọ́n ń ṣe é, mà."

"Ìwọ wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀, mà. Mo dúró. Mi ò ṣe nǹkan kan."

Ìyá rọra mi orí. "O ṣé tí o kò purọ́ fún mi," ló wí nígbẹ̀yìn. "Dìde. Máa lọ. Má padà wá síbí mọ́."

Kọ́púrà dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀, ó sì jáde. Ìyá bọ́ sí ilé ìdáná, Màmá Bàálù gbọ́ tó ń wá ìdérí ìkòkò kiri. Òun dúró sí ojú fèrèsé. Ọkùnrin náà dé ìkóríta, ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó sì yà sí òsì. Ọ̀tún ló yẹ kó yà sí bó bá fẹ́ rí ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó pè é padà.